Ṣílè Fàdákà ní Àkókó: Owó Tí Àwọn Ìyá Wa Kò Ná

Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ. Wọ́n á sín 40 sórí okùn kan. Okùn 50 ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni wọ́n ń dì sínú ọ̀kẹ́. Ẹrù ọkùnrin kan ni, odindi. Bó bá wá jẹ́ ẹyọ ńlá tí àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Zanzibar ni, alárù tó bá rù ú láti Ọ̀wọ̀ dé Ìkàrẹ́ yóò sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó débẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí ọ̀kẹ́ kan lè rà ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ṣílè márùn-ún lè rà lọ. Ṣílè fàdákà márùn-ún kò sì wọn gíráàmù 30. Èèyàn á so ó mọ́ etí aṣọ, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìdí tí fàdákà ọba Gẹ̀ẹ́sì fi lé owó ẹyọ kúrò lọ́jà, ọrùn alárù ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Òfin wá lẹ́yìn. Ọdún 1904 ni ìjọba Gúúsù Nàìjíríà fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé, ṣùgbọ́n kí òfin náà tó jáde, àwọn tó ń rìnnà jíjìn ti yan èyí tí wọ́n fẹ́.

Kò sí ibi tí ẹrù owó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ tó ilẹ̀ Àkókó. Ilẹ̀ olókè ni. Ìlú pọ̀ níbẹ̀, èdè pọ̀, òkè àti àpáta ló sì la ọ̀pọ̀ ìlú náà láàárín. Ìkàrẹ́ ni ọjà ńlá. Ọ̀kà tẹ̀dó sórí òkè gíga. Ìkùn-Àkókó, tó wà lónìí ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó pẹ̀lú Ọ̀kà, Àkùngbá, Ṣúpárè àti Ọ̀bà, kò jìnnà sí ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ gòkè wá. Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá wọn fẹ́ràn òkè ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Ogun ló lé ọ̀pọ̀ wọn gùnkè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida ń wá kó ẹrú ní Àkókó, ní Yàgbà àti ní Búnú. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn náà ò gbẹ́yìn. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọjà kì í lọ jìnnà, owó tó wúwo kì í sì í rìn.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni Kọ́ńpánì Royal Niger ṣẹ́gun Bida. Ìkónilẹ́rú dínkù, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà méjì wá ṣí fún Àkókó: èyí tó gba Ọ̀wọ̀ lọ sí ìhà gúúsù, àti èyí tó gba Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹnikẹ́ni lè rò pé láti Lọ́kọ́ja, ọ̀dọ̀ kọ́ńpánì òyìnbó, ni ṣílè ti kọ́kọ́ wá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́ńpánì náà kò fẹ́ràn kí owó wọ ọwọ́ aráàlú. Pàṣípààrọ̀ ọjà ni wọ́n ń ṣe: iyọ̀, aṣọ àti ọjà mìíràn ni wọ́n fi ń ra epo àti èkùrọ́, nítorí ẹni tó bá ní ṣílè lọ́wọ́ lè lọ rajà níbi tó bá wù ú, ẹni tó gba iyọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ kọ́ńpánì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900 ni owó ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè dáadáa níhà ibẹ̀. Kó tó dìgbà náà, láti gúúsù ni fàdákà ti ń gòkè bọ̀, Èkó sì ni orísun rẹ̀.

Èkó fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣílè. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú náà ní 1861 àti fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, dọ́là fàdákà ilẹ̀ Sípéènì àti ti Mẹ́síkò wà lọ́jà pẹ̀lú owó ẹyọ. Òfin ọdún 1880 ló lé fàdákà àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kúrò, tó fi jẹ́ pé ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìjọba ń gbà. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé owó dé oko. Owó oṣù ló gbé e débẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Hausa tí Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Èkó ń gba fàdákà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní 1896, ṣílè ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn lébìrà. Ẹni tó bá kúrò níbi iṣẹ́ tó ń lọ sílé, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbé lọ. Báyìí ni fàdákà fi tẹ̀lé ẹsẹ̀ àwọn ọmọkùnrin wọ inú ilẹ̀, kó tó di pé oníṣòwò òyìnbó kan ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Báǹkì ló wá sọ ọ́ di òwò ńlá. Ní 1891, African Banking Corporation dé Èkó. Kò pẹ́ tí Alfred Jones, olówó ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster láti Liverpool, fi gba iṣẹ́ náà. Ní 1894 ó dá Bank of British West Africa sílẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní First Bank lónìí. Àǹfààní tí báǹkì yìí rí gbà lọ́dọ̀ ìjọba ni pé òun nìkan ló lè kó fàdákà tuntun láti Royal Mint, ilé ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wá sí Èkó. Ẹ wo ọgbọ́n Jones: ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé owó bọ̀, báǹkì rẹ̀ ló ń fún àwọn oníṣòwò, ọkọ̀ rẹ̀ náà ló sì tún ń gbé epo àti èkùrọ́ tí wọ́n fi owó náà rà lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣirò rẹ̀ yani lẹ́nu. Láàárín 1886 sí 1890, fàdákà tí wọ́n rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jẹ́ nǹkan bí 24,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Láàárín 1906 sí 1910, ó ti lé ní 660,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Ní 1911 nìkan, ó lé ní 870,000. Ìyẹn ni pé fàdákà tí wọ́n ń rọ fún àwa àti àwọn aládùúgbò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí wọ́n ń rọ fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbo ni gbogbo rẹ̀ wọlé sí? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rù ń ba àwọn aláṣẹ pé lọ́jọ́ kan gbogbo rẹ̀ yóò ṣàn padà sí wọn lórí. Wọn ò mọ àwọn ìyá wa.

Èrè ńlá sì wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní àsìkò náà, fàdákà tó wà nínú ṣílè kan kò tó sísì kan ní ọjà àgbáyé. Ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ 12 nígbà náà, sísì jẹ́ ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, nígbàkigbà tí obìnrin kan ní Àkókó bá gba ṣílè kan fún epo rẹ̀, tó sì fi í pamọ́, ohun tó ju ìlàjì owó ọ̀hún lọ ti di èrè ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn gómìnà ìhà ibí béèrè ìpín tiwọn. Ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Sir David Barbour wo ọ̀rọ̀ náà ní 1899, síbẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò yọ̀ǹda. Ìgbìmọ̀ kejì, lábẹ́ Lord Emmott, ló yí nǹkan padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1912 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Láti ìgbà náà, èrè ìrọwó di ti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí. Àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti báǹkì kọ sílẹ̀ nípa àwọn èèyàn wa nígbà náà: pé fàdákà tuntun tó ń dán ni wọ́n máa ń fẹ́, wọn kì í fẹ́ gba èyí tó ti pẹ́, tí orí ọba ti pa rẹ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé ọmọdé ni wá, tí ohun dídán ń tàn jẹ. Èmi kò gbà. Owó tó ti fẹ́lẹ́ kò tún ní gbogbo fàdákà tí wọ́n fi rọ ọ́, ẹnì kan sì lè ti fi ayùn rẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n, tí kò sì mọ ìwé kà, ojú owó ni ìwọ̀n tirẹ̀. Orí ọba tó ṣì yọ ketekete lára owó fi hàn pé owó náà pé. Ọgbọ́n ọjà ni, kì í ṣe ìfẹ́ ohun dídán.

Irú àwọn owó wo ni wọ́n? Ti Ọbabìnrin Victoria ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, ojú mẹ́ta ló sì ní lára owó fàdákà. Lára àwọn ti àtijọ́, ọmọge ni, irun rẹ̀ wà ní dídì lẹ́yìn. Ní 1887, tó pé 50 ọdún lórí ìtẹ́, wọ́n fi adé kékeré kan dé e lórí. Láti 1893 ni ìyá arúgbó tó borí wà lára rẹ̀ títí ó fi wàjà ní 1901. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Edward Keje, láti 1902 dé 1910, kìnnìún sì dúró lórí adé lẹ́yìn ṣílè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni George Karùn-ún. Tọ́rọ́, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́ta, kéré débi pé ó lè sọnù nínú àtẹ́lẹwọ́: gíráàmù 1.41 péré ni, 3 kan lábẹ́ adé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Sísì jẹ́ gíráàmù 2.83, ṣílè 5.65, ṣílè méjì 11.31. Èyí tó jẹ́ ṣílè méjì àti sísì jẹ́ 14.14. Bí ẹ bá wo àwọn iye wọ̀nyí dáadáa, ẹ ó rí i pé wọn kì í tan ara wọn: sísì méjì gbé ìwọ̀n ṣílè kan, ṣílè méjì sì gbé ìwọ̀n ìlọ́po rẹ̀. Nínú 1,000 ìdá, 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù bàbà. Alágbẹ̀dẹ fàdákà kò nílò ìwé kankan láti mọ̀ pé ohun gidi ló wà lọ́wọ́ òun.

Owó Ìgbìmọ̀ tuntun náà jáde ní 1913: tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì. Wọn kò yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, wọn kò sì yí fàdákà inú rẹ̀ padà. Ojú rẹ̀ ni wọ́n yí. Orí George Karùn-ún wà níwájú. Lẹ́yìn ṣílè àti ṣílè méjì, igi ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó yan ọ̀pẹ. Ní Àkókó, níbi tí epo àti èkùrọ́ ti jẹ́ ohun tí èèyàn lè tà kó tó di pé kòkó gbilẹ̀, owó tí ọ̀pẹ mú wá ni ọ̀pẹ wà lára rẹ̀. Àwọn kan ní lẹ́tà H lára. Ìyẹn ni àmì ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, nítorí iṣẹ́ pọ̀ jù fún Lọ́ńdọ̀nù nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbi kọ́bọ̀ oníhò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe fàdákà. Láti 1907 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ kọ́bọ̀ tó ní ihò láàárín fún wa, kí a lè máa sín in sórí okùn bí a ti ń sín owó ẹyọ. Ọ̀nínì, tí 10 rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ ọ́. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa bà á jẹ́, wọ́n sì yára pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ihò yìí fún wa ní ohun kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní nílé. Edward Kẹjọ kò pé ọdún kan lórí ìtẹ́ ní 1936 tó fi gbé adé sílẹ̀ nítorí obìnrin, owó tó ní orí rẹ̀ kò sì wọ ọjà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí owó oníhò wa kò ti ní orí ọba kankan, orúkọ ọba nìkan, ti Edward Kẹjọ wọ ọjà wa ní tirẹ̀. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá a títí dòní, ó sì lè wà nínú agolo bọ́tìnnì ìyá àgbà kan.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló da owó fàdákà rú. Fàdákà wọ́n, ọkọ̀ wọ́n, owó kò sì tó fún òwò. Ní 1916, Ìgbìmọ̀ tẹ owó bébà jáde: ṣílè méjì, ṣílè mẹ́wàá, àti pọ́n-ùn kan. Ní 1918 wọ́n tún fi ti ṣílè kan kún un. Aráàlú kò gbà á tọkàntọkàn. Ní ọ̀pọ̀ ọjà, bébà ṣílè kan kò ra ohun tí fàdákà ṣílè kan ń rà. Ta ni yóò sì dá wọn lẹ́bi? Ilẹ̀ ni báǹkì wọn. Ìkòkò tí wọ́n rì sábẹ́ ibùsùn kò lè tọ́jú bébà. Ikán ò ní jẹ fàdákà, òjò ò ní rẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ogun náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ṣẹlẹ̀. Iye fàdákà gòkè débi pé ní oṣù kejì ọdún 1920, ohun tó wà nínú ṣílè kan ti tó ṣílè kan àti kọ́bọ̀ mẹ́rin. Owó tí ìjọba ń jèrè lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá di èyí tí ẹni tó yọ́ ọ ń jèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dín fàdákà inú owó kù sí ìdajì lọ́dún náà. Fún àwa ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kò fi ìdajì sílẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi rọ ti wa. Orí ọba kan náà, igi ọ̀pẹ kan náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ti di pupa rúsúrúsú.

Ibí ni mo rò pé ìtàn kíkó owó fàdákà jọ ní ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀mọ̀wé tàbí olówó kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣílè funfun àti ṣílè pupa jọ wà lọ́jà, ìjọba ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Obìnrin tó ń ta kíjìpá tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èwo ni yóò ná, èwo ni yóò fi pamọ́? Ní àwọn ọdún tó yí 1920 ká, owó orí ti wọ àwọn ilẹ̀ wa ní ìlà-oòrùn Yorùbá, akọ̀wé owó orí kò sì béèrè àwọ̀. Pupa ni wọ́n ń kó fún un. Funfun wọ abẹ́ ilẹ̀. Báǹkì náà kò jẹ́ kí funfun tó bá bọ́ sọ́wọ́ wọn tún jáde mọ́. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń wá fàdákà, ó di kó lọ bá àwọn àgbà nílé.

Owó idẹ tún mú ìyọnu mìíràn wá. Fàdákà ṣòro láti ṣe ayédèrú rẹ̀, torí àwọ̀, ìró àti ìwọ̀n rẹ̀ kò rọrùn láti fara wé. Idẹ jẹ́ ohun tí alágbẹ̀dẹ abúlé ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, ayédèrú ṣílè tàn ká ilẹ̀ Yorùbá débi tí ìjọba fi pariwo. Àwọn Ìjẹ̀bú ló gba orúkọ burúkú jù nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Àwọn òpìtàn wa méjì, Tóyìn Fálọlá àti Ayọ̀dèjì Olúkòjú, ti kọ̀wé lórí rẹ̀, tí Olúkòjú sì béèrè bóyá ọ̀daràn lásán ni àwọn èèyàn náà tàbí wọ́n ń bá ìjọba òyìnbó jà lọ́nà tiwọn. Ìbéèrè rere ni. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n já ayédèrú fún lọ́jà Ìkàrẹ́ kò ní rí i bí ìjà òmìnira.

Ibo ni fàdákà funfun náà wà láti ìgbà náà? Ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló gbà. Àwọn kan ṣì wà nínú ìkòkò lábẹ́ ilé tó ti wó, ẹni tó rì í ti kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wọ iná. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà Bida, tí iṣẹ́ wọn lókìkí ní gbogbo ìhà wa, ń yọ́ owó fàdákà láti fi ṣe ẹ̀gbà, òrùka àti àpótí kékeré, yálà ṣílè Gẹ̀ẹ́sì ni tàbí owó ńlá Maria Theresa tí àwọn oníṣòwò ń gba aginjù gbé wá, tí ọdún 1780 wà lára gbogbo rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá rọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìyá kan wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀kà ti jẹ́ owó iṣẹ́ lébìrà nígbà kan. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ mọ́. Iná ti pa orí ọbabìnrin rẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tí a kò yọ́. Wọ́n lu ihò sí i létí, tàbí kí wọ́n jó òrùka kékeré mọ́ ọn, wọ́n sì fi í sọ́rùn. Àwọn obìnrin Fúlàní ń so ó mọ́ irun wọn. Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń so ó mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé tàbí ẹ̀gbà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àwọn tí kò ní ihò wà ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, nínú aṣọ tí wọ́n ti so ní kókó, pẹ̀lú owó ẹyọ díẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ nítorí ohun àtọwọ́dọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, owó kú léraléra. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1959, ó sì gbé pọ́n-ùn Nàìjíríà jáde. Ní 1962, owó Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dẹ́kun jíjẹ́ owó ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà dé: pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí orúkọ kú, wọ́n ṣì ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè. Ẹ wá wo ẹni tó fi bébà ogun 1916 pamọ́ títí di 1973: òfo ló bá. Ẹni tó fi ṣílè pupa pamọ́, idẹ díẹ̀ ló ní. Ẹni tó fi funfun pamọ́, gíráàmù 5.23 ojúlówó fàdákà ló ṣì wà nínú ṣílè rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohunkóhun tí ìjọba ìbáà máa pe owó. Obìnrin oníkíjìpá yẹn ti mọ ohun tí Ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ kó mọ̀.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń kó owó wọ̀nyí jọ, nílé àti lókè òkun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí àwọn oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ọdún tó wà lára rẹ̀: èyí tó ti wà ṣáájú 1920, fàdákà 925, láti 1920 dé 1946, ìdajì fàdákà, láti 1947, kò sí fàdákà rárá. Fún owó Ìgbìmọ̀ tiwa, àwọ̀ ló yára sọ̀rọ̀ jù: funfun tí ọdún 1913 dé 1919 wà lára rẹ̀, fàdákà ni, nígbà tó bá di 1920, ẹ wò ó dáadáa. Òkúta mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa fàdákà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn góòlù yóò sọ fún yín bóyá ó pé gíráàmù 5.65 tàbí ó ti fẹ́lẹ́. Nínú ti Edward Keje, ṣílè àti ṣílè méjì ọdún 1905 ṣọ̀wọ́n gan-an, ẹni tó bá rí i kó má fi wéré tà á. Sísì 1887 kan tún wà tí wọ́n sáré kó kúrò lọ́jà, nítorí ojú rẹ̀ jọ ti owó góòlù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn gbájúẹ̀ fi ń fi omi góòlù kùn ún.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ọ̀kan nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi yanrìn tàbí eérú fọ̀ ọ́. Dúdú tó bò ó lójú kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni, ẹni tó bá bó o ti bó owó lára rẹ̀.

Níbi tí èmi àti àwọn oníṣòwò ìlú òyìnbó ti yà ni ọ̀rọ̀ ihò. Lọ́dọ̀ wọn, ṣílè Victoria tí wọ́n ti lu ihò sí ti bàjẹ́. Ìwọ̀n fàdákà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń san. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ṣílè 1897 tí kò ní àpá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú dúrọ́ọ̀ àwọn tí baba wọn kò kúrò nílé rí. Èyí tí wọ́n jó òrùka mọ́, tí okùn ti rẹ́ lára, ó ti gòkè láti Èkó, ó ti gba ọwọ́ àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn dé ilẹ̀ Àkókó, ó sì ti wà lọ́rùn ẹnì kan. Bí a bá ń ṣe àkójọ fún ara wa, irú rẹ̀ ló yẹ kí iye rẹ̀ ga jù, kódà kí ọdún ara rẹ̀ ti pa rẹ́.

Ìṣòro tó wà ni pé àwọn tó ń ra fàdákà àlòkù ti ń wọ àwọn ìlú wa báyìí, pẹ̀lú ìwọ̀n inú àpò. Wọn kì í wo ọdún, wọn kì í béèrè ẹni tó ni í. Wọ́n á da ṣílè, ẹ̀gbà tó ti kán àti ṣíbí òyìnbó pọ̀ sórí ìwọ̀n kan náà, wọ́n á sanwó gíráàmù, ó di inú iná. Àwọn ọmọ tó jogún àpótí ni wọ́n máa ń bá dúnàádúrà, nítorí ìyá kò sí mọ́. Ilé ọnà kan wà ní Ọ̀wọ̀, Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà ní Àkùngbá láàárín Àkókó gan-an, Báǹkì Àpapọ̀ sì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé owó tirẹ̀ ní Àbújá. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá fún wọn lówó náà. Bí a bá ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, tí a wọ̀n ọ́n, tí a kọ orúkọ ìlú àti ìran tó ti jáde sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí àwọn aráalé rántí nípa bó ṣe dọ́wọ́ wọn, a ti ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí iná máa mú lọ. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni fún àpótí kan, nígbà tí ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ bá ṣì jókòó nílé.